Àpá Apá Òsì

Bí ìyá àgbà bá bọ́ bùbá,
àpá kan á yọjú lápá òsì rẹ̀,
ó tó kọ́bọ̀ àtijọ́,
ó hunjọ létí, ó jìn láàárín,
àwọ̀ aró díẹ̀ sì wà nínú jíjìn náà.
Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á ní:
"Rọra. Ibẹ̀ ni mo gbà wáyé lẹ́ẹ̀kejì."

Ìtòkú la ti bí i, lágbàlá aláró,
níbi tí òórùn ẹ̀lú ti ń jí èèyàn kí àkùkọ tó kọ.
Lọ́dún tí à ń wí yìí ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀, kò lọ.
Odò Ògùn fà títí àpáta fi yọ ẹ̀yìn bí ọ̀nì.
Kò sẹ́ni tó pe orúkọ ohun tó ń rìn lọ́sàn-án gangan.
Wọ́n ní Olóde ń bẹ lóde.
Wọ́n ní ilẹ̀ gbóná.
Wọ́n ní kí ọmọ má wẹ̀wù pupa,
kí ìgbálẹ̀ sinmi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ṣóbándé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ń fò láti àpáta dé àpáta
di ẹni tí à ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún,
torí ẹní ń bó o lára.
Lọ́jọ́ keje àwọn àwòrò gbé e gba ẹ̀yìnkùlé,
wọ́n kó ẹní rẹ̀, wọ́n kó dàńṣíkí rẹ̀,
wọ́n fa ewúrẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ.
Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ dúpẹ́.
Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.
Omi ò gbọdọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.
Ó padà sídìí ìkòkò, ó ń rẹ aṣọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣótómi dé, abupá,
ọmọ Ìgbẹ̀in, nínú ṣòkòtò kakí,
pẹ̀lú ìgò tín-ín-rín tó fi aṣọ tútù wé.
Òfófó ti ṣíwájú rẹ̀ dé: omi ara màlúù ni!
Ọmọ tó bá gbà á yóò hùwo!
Ìyá gbé ẹyọ kan tó kù,
ó sọ ọ́ sínú ìkòkò aró tó gbẹ,
ó fi ọpọ́n dé e.
Ọmọ sín.

Ṣótómi ò rẹ́rìn-ín.
Ó ṣí akẹtẹ̀, ó kọjú sí oòrùn,
kí ìyá lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ihò nínú ihò.
"Àwa mẹ́rin ni. Èmi ló kù.
Ìyá tèmi náà dúpẹ́."

Ìyá dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́.
Ó fa ọmọ jáde, aró dé e lọ́rùn.
Wọ́n fi ọṣẹ fọ apá náà, kò mọ́ tán.
Abẹ́ ha á lẹ́ẹ̀mẹta,
aró bá oògùn wọlé.

Ara ọmọ gbóná, apá wú,
ìyá ń ka òru bí ẹni ka owó tí kò pé.
Lọ́sẹ̀ kẹta, èépá bọ́.
Ìyá fẹ́ dúpẹ́,
kò mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn náà,
ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà, mò ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé,
rédíò ní kò sí mọ́, kò sí níbi kankan láyé.
Ó fọwọ́ bo apá òsì,
ẹkún sì bẹ̀rẹ̀, ẹkún tí kò ní ìdúró.
Mo rò pé ayọ̀ ni.
"Ṣóbándé," ló ń pè, "Ṣóbándé o,"
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án
tí ì bá ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Òkúta wà nínú ẹ̀wà alẹ́ ọjọ́ náà.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.